Oníbúrẹ́dì Ọ̀ffà, kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ di límítẹ́ẹ̀dì

Bọ̀dá kan láti Ọ̀ffà ló béèrè, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilé búrẹ́dì, bísínẹ́ẹ̀sì némù ni mo fi forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní 2019, èmi nìkan ni mo ni ín. Ilé-ìwé gíga kan fẹ́ máa gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi fún káńtínì wọn, àmọ́ wọ́n ní límítẹ́ẹ̀dì nìkan làwọn ń bá ṣe. Àbúrò mi tó wà ní Jámánì náà fẹ́ fowó sí i. Ṣé mo lè yí i padà, ṣé nọ́ńbà mi ò ní yí, ṣé mo sì gbọ́dọ̀ gba èèyàn tó máa bá mi ṣe ìwé ẹ̀? Mo sì jẹ àwọn tó ń ta fúláwà fún mi lówó, ṣé tó bá ti di límítẹ́ẹ̀dì, gbèsè yẹn ti kúrò lọ́rùn mi nìyẹn? Ẹnì kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Ẹ kú iṣẹ́ ààrò, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni màá kọ́kọ́ dáhùn torí òun ló lè kó yín sí wàhálà jù. Rárá o, gbèsè yẹn ò lọ síbì kankan. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ ṣáà máa kí i, àmọ́ ẹ má gba ìmọ̀ràn owó lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́.

Bísínẹ́ẹ̀sì némù ò dá dúró lójú òfin. Ẹ̀yin gan-an lẹ wà lẹ́yìn orúkọ yẹn, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Ẹni tó ta fúláwà láwìn fún orúkọ tó wà lára náílọ̀nù búrẹ́dì, ẹ̀yin ló tà á fún, tó bá sì fẹ́ gba owó ẹ̀, ẹ̀yin ló máa pè lẹ́jọ́, ilé yín, mọ́tò yín, ilẹ̀ tẹ́ ẹ rà sílẹ̀ fáwọn ọmọ, gbogbo ẹ̀ ló wà lórí tábìlì tí kóòtù bá dá a láre. Límítẹ́ẹ̀dì ní tiẹ̀, ẹni ọ̀tọ̀ ni láti ọjọ́ tí CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ bísínẹ́ẹ̀sì àti kọ́ńpìnnì sílẹ̀, bá ti fọwọ́ sí i, ó lè ra nǹkan lórúkọ ara ẹ̀, ó lè jẹ gbèsè, ó lè pe èèyàn lẹ́jọ́, wọ́n sì lè pe òun náà. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lónìí, báwo ló ṣe fẹ́ jẹ gbèsè àná?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí gbèsè fúláwà yẹn bọ́ sọ́rùn kọ́ńpìnnì tuntun lóòótọ́, ẹni tẹ́ ẹ jẹ lówó gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ̀yin, òun, àti kọ́ńpìnnì, ẹ máa jọ fọwọ́ sí ìwé pé láti ọjọ́ báyìí, kọ́ńpìnnì ló ń san án, òun sì ti yọ ọwọ́ lọ́rùn yín. Tí kò bá fọwọ́ sí i, kò tíì kúrò lọ́rùn yín, kódà kó jẹ́ pé àkáǹtì kọ́ńpìnnì lẹ ti ń sanwó fún un lóṣooṣù. Èmi tiẹ̀ rò pé kẹ́ ẹ san gbèsè yẹn tán, tàbí kẹ́ ẹ dín in kù dáadáa, ló rọrùn jù. Ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ rárá ni pé ẹ kó ààrò, míkísà àti bọ́ọ̀sì fún kọ́ńpìnnì lówó pọ́ọ́kú káwọn tó ń wá owó wọn má bàa rí nǹkan mú lọ́wọ́ yín, torí kóòtù lè fagi lé irú ẹ̀, ẹ ó wá jẹ gbèsè, ẹ ó tún jẹ́ ẹni tó fẹ́ lu jìbìtì.

Ẹ tún mọ̀ pé lọ́jọ́ iwájú náà, alágbàtà fúláwà tó gbọ́n àti báńkì tó fẹ́ yá kọ́ńpìnnì tuntun lówó máa ní kí ẹ̀yin fúnra yín wá ṣe onídùúró. Tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ààbò límítẹ́ẹ̀dì ò sí fún gbèsè yẹn mọ́. Ibi tó ti wúlò ni àwọn nǹkan tí ò ṣeé rò tẹ́lẹ̀. Ká ní dẹ́rẹ́bà kọ́ńpìnnì wa bọ́ọ̀sì búrẹ́dì lọ gbá ògiri ọlọ́jà kan lọ́nà Ìjàgbó, ọlọ́jà yẹn pe kọ́ńpìnnì lẹ́jọ́, owó tí kóòtù ní kí kọ́ńpìnnì san sì ju ohun tó ní lọ, kò lè torí ẹ̀ wá gba ilé yín. Pẹ̀lú bísínẹ́ẹ̀sì némù, ó lè ṣe é. Ìyàtọ̀ yẹn nìkan tó nǹkan tí èèyàn lè torí ẹ̀ ṣe límítẹ́ẹ̀dì, pàápàá ẹni tó ní mọ́tò lójú títì láàárọ̀ kùtù lójoojúmọ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. BN yín, ìyẹn nọ́ńbà bísínẹ́ẹ̀sì némù, ò ní di RC, ìyẹn nọ́ńbà kọ́ńpìnnì. Kọ́ńpìnnì tuntun lẹ máa dá sílẹ̀, òun máa gba RC tiẹ̀, sátífíkéètì tiẹ̀, nọ́ńbà owó orí tiẹ̀. CAMA 2020, ìyẹn òfin kọ́ńpìnnì Nàìjíríà, ní ètò ìyípadà nínú lóòótọ́, àmọ́ ti ẹni tó ti jẹ́ kọ́ńpìnnì tẹ́lẹ̀ nìyẹn, bíi private, ìyẹn kọ́ńpìnnì àdáni, tó fẹ́ di public, èyí tó lè ta ìpín fáráàlú. Orúkọ yín ò ní sọnù ṣá. Orúkọ yẹn ti wà ní rẹ́jísítà CAC, wọn ò sì ní fẹ́ fún ẹlòmíì ní irú ẹ̀, nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ín lẹ máa kọ lẹ́tà pé ẹ yọ̀ǹda kí kọ́ńpìnnì máa jẹ́ ẹ, ẹ fi sátífíkéètì BN tì í, ẹ sì sọ nínú ẹ̀ pé tí kọ́ńpìnnì bá ti dúró, ẹ máa yọ bísínẹ́ẹ̀sì némù kúrò. Tí CAC bá fọwọ́ sí orúkọ, ọjọ́ 60 ni wọ́n fi ń bá yín tọ́jú ẹ̀, ẹ má fi ṣeré.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ padà sí ilé-ìwé yẹn. Ẹ bá àwọn tó ń bójú tó kọ́ńtíráàtì sọ̀rọ̀, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè ní kíkọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jábọ́. Wọ́n á gbọ́ "límítẹ́ẹ̀dì", wọ́n á sáré lọ ṣe límítẹ́ẹ̀dì, wọ́n á dé ọ̀hún tán, tẹ́ńdà, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń pe àwọn tó fẹ́ gba iṣẹ́, á ní òun fẹ́ tax clearance, ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti sanwó orí, ti ọdún mẹ́ta, òun fẹ́ àkáǹtì ọdún mẹ́ta tí ọ́dítọ̀ ti yẹ̀ wò, òun fẹ́ ẹ̀rí iṣẹ́ tí kọ́ńpìnnì ti ṣe rí, bẹ́ẹ̀ kọ́ńpìnnì ò tíì pé oṣù kan. Gbogbo búrẹ́dì tẹ́ ẹ ti ń tà láti 2019, tiyín ni, kì í ṣe ti kọ́ńpìnnì. Àwọn kan máa ń gba kọ́ńpìnnì tuntun tó bá ní ìwé owó orí tiẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á sì wo ìwé yín ti àtẹ̀yìnwá mọ́ ọn, àwọn kan ò ní gbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí wọn ò bá gbà, tí àbúrò yín náà ò sì ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú kọ́ńpìnnì, kò sí ohun tó ń lé yín ní ọdún yìí.

Ọ̀rọ̀ àbúrò ló kàn, òun ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà. Irú owó wo ló fẹ́ fi sí i? Ṣé ó fẹ́ yá yín ni, àbí ó fẹ́ ní in pẹ̀lú yín? Mo mọ̀ pé nínú ẹbí, a kì í béèrè, a ó kàn ní "kó fi síbẹ̀, Ọlọ́run á bùkún un", owó á wọlé, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn tí bẹ́kárì bá ti ń pa owó, ẹnì kan á máa rántí pé òun yá ẹ̀gbọ́n òun lówó, ẹnì kejì á máa sọ pé ìdajì ilé-iṣẹ́ ni tòun. Tó bá jẹ́ pé ó yá yín ni, ẹ kọ iye ẹ̀ sílẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ máa dá a padà, àti èlé tó bá wà, kò sí ìdí láti fún un ní ṣíà kankan.

Tó bá jẹ́ ṣíà ló fẹ́, ẹ jókòó lórí iye tẹ́ ẹ máa fún un. Ẹ má pín in lọ́gbọọgba. Mo mọ̀ pé ó dùn ún gbọ́ sétí màmá yín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní 50 tóun náà ní 50, lọ́jọ́ tẹ́ ò bá fohùn ṣọ̀kan, kò sẹ́ni tó lè dá nǹkan kan ṣe nínú yín méjèèjì. Ẹni tí ìbò ẹ̀ bá ju ìdajì lọ ló ń pinnu àwọn nǹkan wẹ́ẹ́rẹ́, ó tiẹ̀ lè fi yọ dàírẹ́kítọ̀. Àmọ́ àwọn ìpinnu ńlá, bíi yíyí orúkọ kọ́ńpìnnì padà tàbí títún ìwé òfin kọ́ńpìnnì kọ, ìdá 75 nínú 100 ìbò ni òfin ń béèrè. Ẹ wá wò ó: tẹ́ ẹ bá fún àbúrò yín ní 30, ẹ̀yin lẹ ṣì ń darí ilé-iṣẹ́, àmọ́ ó lè dí yín lọ́nà nínú àwọn ìpinnu ńlá yẹn. Tẹ́ ẹ bá fún un ní 20, kò lè dí yín. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ rẹ́ ẹ jẹ o. Owó tó bá mú wá, kẹ́ ẹ fi wé iye tí ààrò, bọ́ọ̀sì, míkísà àti àwọn oníbàárà tẹ́ ẹ ti ní jẹ́, kẹ́ ẹ fún un ní ohun tó tọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn ń fún un lágbára láti ṣe. Ẹni tó bá ní tó 5 nínú 100 ṣíà tàbí jù bẹ́ẹ̀, CAC máa gba orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lágbára lórí kọ́ńpìnnì, ẹ ò lè fi í pamọ́.

Nǹkan mìíràn tó kan ẹni tó wà ní Jámánì: tó bá ti gba ìwé ìrìnnà Jámánì, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀ bí òyìnbó. Ẹni tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí ò sọ ọ́ nù torí pé ó gba ti ìlú mìíràn, kó lo NIN ẹ̀ àti ìwé Nàìjíríà. Tí ẹ bá kọ ọ́ bí àjèjì, CAC máa béèrè ṣíà tó tó mílíọ̀nù 100 náírà lọ́wọ́ yín, kọ́ńpìnnì yín ò sì ní lè jẹ́ kọ́ńpìnnì kékeré lábẹ́ CAMA mọ́. Mo ti rí ibi tí éjẹ́ǹtì kan ti kọ fọ́ọ̀mù wọlé pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù ìlú òyìnbó nítorí pé òun ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp.

Kọ́ńpìnnì kékeré yẹn ṣe pàtàkì fún yín. Owó tó ń wọlé lọ́dún ò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 120 lọ, dúkìá tó kù tí wọ́n bá ti yọ gbèsè kúrò ò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 60, àjèjì ò gbọdọ̀ wà nínú ẹ̀, ìjọba náà ò gbọdọ̀ ní ṣíà níbẹ̀, àwọn dàírẹ́kítọ̀ sì gbọdọ̀ ní ó kéré tán 51 nínú 100. Tẹ́ ẹ bá bọ́ sínú ẹ̀, dàírẹ́kítọ̀ kan ṣoṣo tó, ẹ ò nílò sẹ́kìrítẹ́rì, òfin ò sì ní dandan pé kí ọ́dítọ̀ yẹ ìwé yín wò lọ́dọọdún. Kódà ẹnì kan péré lè dá private límítẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ báyìí, kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́ tí èèyàn máa ń lọ yá orúkọ ìyàwó tàbí ti bọ̀dá àdúgbò kó lè pé méjì.

Ṣíà tó kéré jù fún private jẹ́ 100,000 náírà, gbogbo ẹ̀ lẹ sì gbọdọ̀ pín fún àwọn tó ni ín látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má lọ kọ mílíọ̀nù mẹ́wàá torí kó lè tóbi lójú o, bí ṣíà bá ṣe pọ̀ tó ni owó ìforúkọsílẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Àyàfi tí tẹ́ńdà yẹn bá dárúkọ iye kan.

Ní ti owó orí: pẹ̀lú bísínẹ́ẹ̀sì némù, èrè bẹ́kárì jẹ́ owó tó wọlé fún yín, KW-IRS, àjọ owó orí ìpínlẹ̀ Kwara, lẹ sì ń san án fún. Lábẹ́ òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026, 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún ò ní owó orí lórí, lẹ́yìn ìyẹn ó bẹ̀rẹ̀ láti 15 nínú 100, ó ń gun títí dé 25. Tó bá di límítẹ́ẹ̀dì, ọ̀dọ̀ Nigeria Revenue Service, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀, ìyẹn FIRS tẹ́lẹ̀, ni ti kọ́ńpìnnì ń lọ. Kọ́ńpìnnì tí òfin owó orí bá kà sí kékeré, ìwọ̀n tiẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti CAMA tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ò san owó orí lórí èrè ẹ̀, àwọn tó kù ló ń san 30 nínú 100. Ó dà bíi pé ẹ ti jèrè ńlá, àbí? Ẹ dúró ná. Owó oṣù tí kọ́ńpìnnì bá ń san fún yín, PAYE, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù, wà lórí ẹ̀, KW-IRS ló sì ń gbà á. Àti pé kẹ́ ẹ má san kò túmọ̀ sí kẹ́ ẹ má kọ ọ́ wọlé, ìwé owó orí gbọdọ̀ máa lọ lọ́dọọdún. Èmi ò ní tìtorí owó orí nìkan sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ ṣe límítẹ́ẹ̀dì.

Tí sátífíkéètì bá ti jáde, wọ́n á ní ẹ kú oríire, ẹ ó ya fọ́tò ẹ̀ sórí status, ẹ ó rò pé iṣẹ́ ti parí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kọ́ńpìnnì ti dé, kò ní nǹkan kan. Ààrò ṣì jẹ́ tiyín, bọ́ọ̀sì ṣì wà lórúkọ yín, onílé ṣì mọ̀ pé ẹ̀yin lòun yá ṣọ́ọ̀bù fún. Ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kí ìṣirò lè rọrùn, ẹ ka gbogbo nǹkan, ààrò, míkísà, páànù, jẹnẹrétọ̀, bọ́ọ̀sì, àpò fúláwà tó kù nílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ fi iye tó bójú mu sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìwé pé ẹ ta bísínẹ́ẹ̀sì fún kọ́ńpìnnì. Kọ́ńpìnnì lè má ní owó láti san fún yín, kò burú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bíi gbèsè tí kọ́ńpìnnì jẹ yín, á máa san án díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ṣíà dípò owó, ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ máa nílò ẹni tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ yín tó máa díye lé nǹkan yẹn. Ẹ tún ìwé bọ́ọ̀sì ṣe, àti íńṣọ́ránsì ẹ̀, torí tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí orúkọ ò bá ara mu, ibẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ àwíjàre. Ẹ lọ bá onílé kó tún ìwé ilé kọ lórúkọ kọ́ńpìnnì.

NAFDAC ńkọ́? Nọ́ńbà tó wà lára náílọ̀nù yín, orúkọ ẹni tó gbà á ló wà níwèé. Ẹ gba ọ́fíìsì wọn lọ, ẹ sọ pé ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì yìí ti yí padà, kí wọ́n sọ ohun tẹ́ ẹ máa mú wá. Kí wọ́n tó dáhùn, ẹ ò gbọdọ̀ lọ tẹ náílọ̀nù tuntun. Mo mọ bó ṣe máa ń rí, náílọ̀nù tẹ́ ẹ ti rà sílẹ̀ pọ̀ gan-an nínú sítọ́ọ̀ yẹn, orúkọ, fóònù, nọ́ńbà NAFDAC, gbogbo ẹ̀ ti wà lára ẹ̀, owó gidi sì ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ NAFDAC ní kíkọ bóyá ẹ lè lò ó tán. Rísíìtì àti lẹ́tà ní tiwọn, ẹ yí wọn kíá, torí òfin ní kí orúkọ kọ́ńpìnnì àti RC hàn lára wọn, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síta ọ́fíìsì pẹ̀lú.

Àwọn òṣìṣẹ́ yín, ẹ fún wọn ní lẹ́tà tuntun láti ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnnì, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀ ò sọnù. Tí wọ́n bá tó 15, owó ìfẹ̀yìntì di dandan, ẹ̀yin 10 nínú 100 owó oṣù wọn, àwọn 8.

Báńkì: ẹ ò lè sọ àkáǹtì bísínẹ́ẹ̀sì némù di ti kọ́ńpìnnì, tuntun lẹ máa ṣí. Ẹ má tíì ti ti àtijọ́ pa o, àwọn oníbàárà tó ń fi owó ránṣẹ́ ò ní gbọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, POS náà wà níbẹ̀. Tí owó ò bá wọ ibẹ̀ mọ́, tẹ́ ẹ ti gba gbogbo ohun tó yẹ kẹ́ ẹ gbà, ìgbà yẹn lẹ máa lọ kọ ọ́ fún CAC pé bísínẹ́ẹ̀sì némù ti parí. Wọ́n sì máa kọ́kọ́ wo annual returns yín, ìyẹn ìwé tí bísínẹ́ẹ̀sì ń fi ránṣẹ́ sí CAC lọ́dọọdún. Láti 2020, kí June 30 tó kọjá lọ́dọọdún ló yẹ kẹ́ ẹ ti máa fi í ránṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ bíi púpọ̀ nínú àwọn tí mo mọ̀ ní Ọ̀ffà àti Ìlọrin, ẹ ò fi ọ̀kankan ránṣẹ́ rí, ẹ ti wà ní "inactive" níbẹ̀. Ẹ wá orúkọ yín lórí wẹ́ẹ̀bù CAC lálẹ́ yìí, ẹ máa rí i. Ẹ san èyí tó kù sílẹ̀, torí ó lè dá lẹ́tà orúkọ yẹn dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn, owó kọ́ńpìnnì kì í ṣe owó àpò yín mọ́. Èyí ló máa ń nira jù fún oníbúrẹ́dì torí owó ń wọlé láàárọ̀, epo mọ́tò ń pè, owó ilé-ìwé ọmọ ń pè, ẹni tó ń ṣe wálímọ̀ ládùúgbò náà ń pè. Tẹ́ ẹ bá ń mú u bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ ò kọ nǹkan kan, ọjọ́ tí ẹjọ́ bá dé, lọ́yà tó wà lódìkejì á ní kò sí kọ́ńpìnnì kankan níbẹ̀, ẹ̀yin náà ni, kóòtù sì lè gbà á gbọ́. Ẹ dá owó oṣù kan fún ara yín, ẹ máa gbà á. Èyí tẹ́ ẹ bá mú lé e, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ yá a.

Ẹ béèrè bóyá ẹ gbọ́dọ̀ gba èèyàn. Ẹ lè ṣe é fúnra yín lórí pọ́tà CAC. Àmọ́ torí ọ̀rọ̀ àbúrò yín àti ti gbèsè fúláwà, èmi máa fẹ́ kí lọ́yà tàbí akáńtáǹtì tí CAC fún ní ìwé àṣẹ ka ìwé méjèèjì yẹn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Íméèlì àti nọ́ńbà fóònù tí wọ́n máa kọ sí pọ́tà, kó jẹ́ tiyín, kì í ṣe ti éjẹ́ǹtì.